Ohun Tó Lè Kú Pọ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ibi Ìpamọ́ Fáìlì Àjùmọ̀lò fún Kíláòdù

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ ibi ìpamọ́ fáìlì tí ọ̀pọ̀ sáfà jọ gbé ró, tí èrò púpọ̀ sì jọ ń lò láti orí kíláòdù. Mo fẹ́ gbé èrò mi kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Linux dáadáa lè fi sọ́fúwíà sórí ẹ̀rọ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, ìyẹn ò le. Olórí iṣẹ́ ni kí a mọ àwọn ohun tó lè kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì to ẹ̀rọ wa débi pé ikú wọn kò ní kó gbogbo ẹ̀dà fáìlì ènìyàn lọ. Ẹni tí kò bá rò ó dé ibẹ̀ kó tó ra ẹ̀rọ, owó ńlá ni yóò fi ra ìpọ́njú.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà kò lè dá oníbàárà lóhùn bó ṣe yẹ, iṣẹ́ dúró ní ọ́fíìsì púpọ̀. Fáìlì tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sí Yúróòpù kò sọnù; ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni ó dí. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tó ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ́ ti inú ọgbà yẹn láìbìkítà, èyí tó wà ní Yúróòpù sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kó dára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ohun tí mò ń sọ sọ́tọ̀. Lórí kíláòdù, ẹ̀rọ kan lè ní dísìkì tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè fọwọ́ kàn. Ìyẹn kọ́ là ń sọ lónìí. Fódà àjùmọ̀lò là ń sọ: ogún kọ̀ǹpútà ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn rí ohun kan náà nínú rẹ̀, bí ọ̀kan bá sì parí kíkọ fáìlì, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ rí i lójú ẹsẹ̀. Sun Microsystems ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1984 pẹ̀lú NFS, NFS náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní. Àìlera rẹ̀ ni pé sáfà kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí sáfà yẹn bá kú, gbogbo ẹni tó ṣí fódà yóò kàn máa wo ojú kọ̀ǹpútà ni.

Google gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2003 lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa fáìlì tiwọn mọ́. Wọ́n ń gé fáìlì sí ègé 64 MB, wọ́n sì ń fi ẹ̀dà mẹ́ta ègé kọ̀ọ̀kan sí orí ẹ̀rọ mẹ́ta. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń lọ béèrè ọ̀nà. Láàárín àsìkò yẹn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Sage Weil wà ní Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Santa Cruz. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà mẹ́ta, Lawrence Livermore, Los Alamos àti Sandia, ló ń náwó sí iṣẹ́ náà, nítorí kọ̀ǹpútà tiwọn pọ̀ débi pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ máa ń fẹ́ ṣí fáìlì ní ìṣẹ́jú kan náà. Weil àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2006. Ceph ni orúkọ ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀fẹ́ ni títí di òní, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Òun ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹ kọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹyọ kan.

Ibi tí Ceph ti gbà mí lọ́kàn jù ni pé kò sí akọ̀wé tó ń tọ́ka ibi tí ègé wà. Ẹ wo ọjà ọrọọrún. A kì í lọ bi olórí ọjà léèrè kí a tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ó ná an. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí wọ́n ná an kẹ́yìn yóò kà á síwájú, ìṣirò rẹ̀ yóò sì bá ti ẹni tó wà ní abúlé kejì mu láìjẹ́ pé wọ́n ríra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni CRUSH, ìṣirò tó wà ní ọkàn Ceph. Kọ̀ǹpútà oníbàárà gba máàpù gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ó fi orúkọ ègé fáìlì sínú ìṣirò, ìdáhùn tó jáde ni dísìkì mẹ́ta tí yóò kọ ọ́ sí. Kọ̀ǹpútà mìíràn tó bá ní máàpù kan náà yóò rí dísìkì mẹ́ta kan náà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé fáìlì kan kó lè yé wa. Ká ní ẹnì kan fi àwòrán X-ray tó tó 10 MB sínú fódà. Àwọn sáfà tí à ń pè ní MDS yóò fún fáìlì náà ní nọ́ńbà, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ àti fódà tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ MDS parí síbẹ̀. Orúkọ àti ẹ̀tọ́ ló ń mójútó, dátà fúnra rẹ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Kọ̀ǹpútà oníbàárà á wá gé àwòrán náà sí mẹ́ta, 4 MB, 4 MB àti 2 MB, orúkọ ègé kọ̀ọ̀kan á sì jẹ́ nọ́ńbà fáìlì náà àti ipò ègé yẹn, bíi 10000000001.00000000, tí èyí tó tẹ̀lé e parí sí 1, tí ìkẹta parí sí 2. Ìṣirò CRUSH ló máa sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan ni ètò kan wà tó ń jẹ́ OSD: dísìkì kan, OSD kan. OSD tó kọ́kọ́ gba ègé ló máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn méjì yòókù, kò sì ní dá oníbàárà lóhùn pé “mo ti gbà á” títí tí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi wà lórí dísìkì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fà á tí dísìkì olówó pọ́ọ́kú fi máa ń dójú ti ènìyàn.

Ta ló wá ń tọ́jú máàpù? Àwọn ètò alábòójútó tí à ń pè ní MON ni, mẹ́ta tàbí márùn-ún. Kò dára kí wọ́n jẹ́ méjì tàbí mẹ́rin, torí pé ohun tí ó ju ìdajì wọn lọ bá fẹnu kò lé lórí nìkan ló ń dúró. Bí MON mẹ́ta bá wà tí ọ̀kan kú, iṣẹ́ ń lọ. Bí méjì bá kú, gbogbo rẹ̀ dúró, kódà bí kò bá tilẹ̀ sí ohun tó ṣe dísìkì kankan. Wọ́n sì fẹ́ kí aago wọn bára mu: bí aago ọ̀kan bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, wọn yóò kígbe. Nítorí náà chrony, ètò tó ń mú aago kọ̀ǹpútà bára mu, gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò kan níwájú yín báyìí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ìlérí tí apá wọn kò ká. Ká ní a ra sáfà mẹ́rin, dísìkì mẹ́fà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 8 TB ni dísìkì kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 192 TB. Ọ̀gá tó san owó rí 192 lórí ìwé, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀dà mẹ́ta ni a fẹ́, nítorí náà ẹ pín in sí mẹ́ta: 64 TB ló kù. Ceph yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ nígbà tí dísìkì bá kún dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá sì dé 95, kò ní gba ohunkóhun mọ́. Ìdá 85 nínú 64 jẹ́ 54 TB àti díẹ̀. Ó ku ibì kan. Bí sáfà kan bá kú tán pátápátá, mẹ́ta tó kù gbọ́dọ̀ lè gba ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀ láìkún. Dísìkì tó kù jẹ́ 144 TB. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 48. Ìdá 85 nínú rẹ̀ kò pé 41 TB. Nítorí náà, nínú 192 TB tí a ra, 40 ni ká ṣèlérí fún ènìyàn. Ẹni tó bá ta 60 ti ta ohun tí kò ní, ọjọ́ tí sáfà kan bá kú ni gbogbo ayé yóò mọ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kí ló dé tí a kò ra sáfà mẹ́ta péré, kó rọrùn. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n òfin tó dára ni pé ẹ̀dà méjì fáìlì kan kò gbọdọ̀ sí lórí sáfà kan náà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta bá kú, kò sí sáfà kẹrin tí ẹ̀dà kẹta lè lọ, ẹ̀dà méjì lẹ ó sì máa fi rìn títí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yóò fi rí pátì. Ní ilẹ̀ wa, tí pátì lè pẹ́ lójú ọ̀nà, mo fara mọ́ mẹ́rin.

Nọ́ńbà kan tún wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kàn. Orúkọ rẹ̀ ni min_size. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ mẹ́ta, min_size máa ń jẹ́ méjì: bí ó bá ku ẹ̀dà kan ṣoṣo, Ceph á dá kíkọ àti kíkà dúró lórí dátà tó kàn. Inú á bí àwọn oníbàárà, fóònù á máa dún, ẹnì kan lórí ẹ̀rọ ayélujára á sì ní kí ẹ yí i sí ọ̀kan kí iṣẹ́ lè máa lọ. Ẹ má yí i. Ohun tí ẹ bá kọ sórí ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn, bí dísìkì yẹn bá kú, ó lọ nìyẹn, àwọn ẹ̀dà tó padà sílé lẹ́yìn náà kò sì ní mọ̀ ọ́n rí. Ó sàn kí iṣẹ́ dúró fún wákàtí mélòó kan ju kí ẹ pàdánù ìwé àṣírí aláìsàn.

Mo ti sọ̀rọ̀ sáfà bí ẹni pé sáfà nìkan ló ń kú. Lọ́dọ̀ wa, iná ló ń kú jù. Sáfà mẹ́rin tó gbára lé ínfátà kan yóò kú lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìṣirò CRUSH kò sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, àfi tí ínfátà bá ju ọ̀kan lọ, tí ẹ sì sọ fún un. Ceph gbà kí ẹ ya máàpù bó bá ṣe rí gan-an: yàrá, ráàkì, sáfà, dísìkì. Ẹ rìn yíká yàrá yín pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ínfátà tó ń bọ́ sáfà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìlà iná mànàmáná tó so mọ́ ọn, swíìṣì nẹ́tíwọ̀kì tí okùn rẹ̀ wọ̀, ibi tí omi lè kán sí láti òkè bí òjò bá rọ̀. Bí ohun kan bá wà tí sáfà mẹ́ta jọ gbára lé, ibẹ̀ ni ewu yín wà, ibẹ̀ sì ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Mo ka ìwé pẹlẹbẹ yẹn sí pàtàkì ju gbogbo àṣẹ tí ẹ ó tẹ̀ sórí kíbọ́ọ̀dù lọ.

Dísìkì ńkọ́? SSD tí wọ́n ṣe fún láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní kapásítọ̀ tó ń gbé e ró bí iná bá lọ lójijì. Láìsí èyí, kò lè tètè búra pé dátà ti wọlé, ẹ sì rántí pé Ceph kì í dáhùn láìgba ìbúra yẹn. Ó yára nínú láptọ́ọ̀pù, ó wá ń wọ́ bí ìgbín nínú sáfà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà, kódà bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà, bí ẹ bá ti ka ìtàn ara rẹ̀ pẹ̀lú smartctl. Ẹ má sì ra gbogbo rẹ̀ láti inú páálí kan náà. Àwọn tí wọ́n bí pọ̀ máa ń kú pọ̀. Sáfà tó ní káàdì RAID, ẹ jẹ́ kó fi dísìkì hàn ní ìhòòhò, torí Ceph fúnra rẹ̀ ló fẹ́ máa pín ẹ̀dà sórí dísìkì. Fún OSD kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 4 GB mẹ́mórì sọ́kàn, ó kéré tán.

Ti nẹ́tíwọ̀kì kò pọ̀: 10 gígábíìtì ni kí ẹ ní, kí ẹ sì ya ọ̀nà tí àwọn OSD ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí agbára bá ká a. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sọ MTU, ìwọ̀n ìdìpọ̀ dátà tó tóbi jù tí ẹ̀rọ lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, di 9000 lórí sáfà, tí swíìṣì kan sì wà ní 1500, àwọn sáfà yóò máa fi ping kí ara wọn dáadáa, torí ping kéré. Ìgbà tí dátà gidi bá fẹ́ kọjá ni gbogbo rẹ̀ yóò dákẹ́. Ènìyàn lè wá ìdí rẹ̀ kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tò, fífi sórí ẹ̀rọ kò ní wahálà. Ẹ tẹ cephadm bootstrap lórí sáfà àkọ́kọ́, ceph orch host add fún àwọn yòókù, ceph orch apply osd kí ó gba àwọn dísìkì òfìfo, lẹ́yìn náà ceph fs volume create, fódà ńlá ti délẹ̀ pẹ̀lú MDS rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé MDS kejì wà ní ìmúrasílẹ̀.

Kíláòdù ló kù. NASA àti Rackspace ló bẹ̀rẹ̀ OpenStack, sọ́fúwíà tí a fi ń kọ́ kíláòdù, ní ọdún 2010, Manila sì ni apá rẹ̀ tó ń pín fódà àjùmọ̀lò. Oníbàárà á béèrè fódà 100 GB, Manila á ránṣẹ́ sí Ceph, Ceph á ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún un nínú fódà ńlá, á fi òdiwọ̀n 100 GB sí i lára, á sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ibẹ̀ nìkan. Ó dùn ún rí. Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n yẹn, kọ̀ǹpútà oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń pa á mọ́. Bí ó bá ti yí sọ́fúwíà rẹ̀ padà, ó lè kọ ju ohun tí ẹ fún un lọ. Oníbàárà yẹn tún gbọ́dọ̀ lè dé orí nẹ́tíwọ̀kì tí MON àti OSD yín wà. Nínú ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo yín jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, kò burú. Bí ẹ bá fẹ́ ta ààyè fún àjèjì, ẹ fi sáfà NFS tó ń jẹ́ NFS-Ganesha sáàárín: NFS nìkan ni àjèjì yóò rí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Ó máa dín eré kù díẹ̀. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ jù ni CERN, ilé ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá Geneva. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Ceph ní ọdún 2013 pẹ̀lú pétábáìtì 3. Ní ọdún 2015, wọ́n rí ẹ̀rọ tuntun gbà, kí wọ́n tó lò ó fún iṣẹ́, wọ́n fi dán Ceph wò: OSD 7,200, pétábáìtì 30. Máàpù tí mo ń yìn láti ìṣáájú ló wá di ẹrù: OSD kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà máàpù, máàpù ńlá sì ń jẹ mẹ́mórì tán. Wọ́n rí i nígbà ìdánwò, nígbà tí kò sí fáìlì ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn tó ń kọ Ceph sì tún un ṣe. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn yẹn fún èyí.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ohun mìíràn bá wọn. Ọ̀pọ̀ OSD ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà nínú ibi ìpamọ́ tó ń gbé OpenStack wọn ró. Iná kò lọ, dísìkì kò kú. LZ4, sọ́fúwíà tó ń fún dátà mọ́ra kó lè kéré, ló ń yí bíìtì padà bí dátà bá wà káàkiri nínú mẹ́mórì, máàpù ló sì kó sí i lọ́wọ́. OSD tó ka máàpù náà rí i pé nọ́ńbà àyẹ̀wò kò bá a mu, ó sì kú. Ẹ̀dà mẹ́ta kò lè gbani lọ́wọ́ irú èyí, nítorí sọ́fúwíà kan náà ló wà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Nínú ìwé tí mo ní kí ẹ fi rìn yíká yàrá, ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ fún sọ́fúwíà.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa: ẹ̀dà mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀dà àfipamọ́. Bí òṣìṣẹ́ kan bá pa fódà ọlọ́dún mẹ́wàá rẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ceph yóò pa á rẹ́ lórí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjiyàn. Snapshot, àwòrán fódà bó ṣe rí ní àkókò kan, lè gbà yín bí ẹ bá ti yà á tẹ́lẹ̀: fódà kan tó fara pamọ́ wà tó ń jẹ́ .snap, ènìyàn á wọnú rẹ̀, á sì mú fáìlì àná padà. Ṣùgbọ́n orí dísìkì kan náà ni snapshot wà. Ẹ̀dà àfipamọ́ gidi gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mìíràn, lórí sọ́fúwíà mìíràn, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣàkóso Ceph lójoojúmọ́. Sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ Restic lè ṣe é. Lóṣooṣù, ẹ mú fáìlì díẹ̀ padà láti inú rẹ̀, kí ẹ ṣí wọn, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé wọ́n ṣì ṣeé kà.

Kí ẹ tó fún oníbàárà kankan ní fódà, ẹ ṣe ohun kan fún mi. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan máa kọ fáìlì láìdúró, kí ẹnì kan lọ yọ okùn iná sáfà kan lógiri. Ẹ má fi àṣẹ pa á. Okùn ni kí ó yọ. Kíkọ yóò dúró fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá, torí ìyẹn ni àkókò tí àwọn OSD yòókù fi ń retí ìkíni tí wọ́n máa ń kí ara wọn, kí wọ́n tó fẹjọ́ sun MON. Lẹ́yìn náà ó yẹ kó máa lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, Ceph á gbà pé àwọn OSD yẹn kò padà wá mọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà tuntun. Ẹ tẹ ceph -s, ẹ ó rí i bó ṣe ń kà á. Lẹ́yìn ti sáfà, ẹ yọ ti swíìṣì. Lẹ́yìn ti swíìṣì, ẹ pa ínfátà. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan àti iye àkókò tó gbà sórí ìwé kan náà tí ẹ fi yí yàrá ká, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ráàkì, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè rí i kà.